Ilé Kan, Iṣẹ́ Kan

Kí Nyamuoch tó dá sí ọ̀rọ̀ náà, ìwé orúkọ mẹ́rìnlá ló wà ní Bentiu, ìlú wa ní Gúúsù Sudan. Àjọ aláàánú mẹ́rìnlá, ìwé orúkọ mẹ́rìnlá, kò sì sí èyí tó mọ ohun tí èkejì ń ṣe. Àwọn tó ń pín ọkà bàbà ní tiwọn, àwọn tó ń gbẹ́ ṣáláńgá ní tiwọn. Àjọ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń gba àwọn ọ̀dọ́ síṣẹ́ lórí odi erùpẹ̀ kan ṣoṣo tó dá omi dúró lẹ́yìn ìlú. Ọmọkùnrin tó bá gbọ́n díẹ̀ a máa jẹ́ Thoan láàárọ̀, a máa jẹ́ Gatkek lọ́sàn-án, kó lè gbowó lọ́wọ́ àjọ méjì. Èyí tí kò gbọ́n, tàbí tí kò ní ẹ̀gbọ́n nídìí ìwé, a jókòó ti ìyá rẹ̀, a máa wo omi.

Wíwo omi kọ́ ni wàhálà. Omi yẹn ti gbé oko, ó ti gbé ọ̀nà, ó ti gbé màlúù tí ènìyàn ì bá fi fẹ́ ìyàwó. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó bá jókòó tì í pẹ́, ọkọ̀ kan á wá bá a níbẹ̀. Ọ̀gá ológun kan, tí orúkọ rẹ̀ kò ní ti ẹnu mi jáde, ló ń rán ọkọ̀ ọ̀hún. Wọ́n á ní kí ọmọ náà wọlé, kó wá gbé ìbọn, pé màlúù ń bẹ lọ́hùn-ún. Iṣẹ́ odi nìkan ló ń dá àwọn ọmọ wa dúró ní ìlú. Gbogbo ìyá ló mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ Nyamuoch ni láti mú kí àwọn àjọ náà máa gbọ́ ara wọn yé. Ẹni tó bá rò pé iṣẹ́ yẹn rọrùn, kó lọ jókòó láàárín orogún mẹ́rìnlá nínú ilé ìdáná kan. Ọmọ ìlú ni, ọmọ ẹ̀yà Nuer pọ́nńbélé, ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Ó kàwé dé Nairobi, ó sì padà sílé nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń wá ọ̀nà àtisá lọ. Ohun tó kórìíra jù láyé ni ojúsàájú. Oṣù tó kọjá ló ní kí wọ́n lé ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Gatdor kúrò lẹ́nu iṣẹ́, nítorí pé ó fi àwọn àbúrò ìyàwó rẹ̀ sínú ìwé. Gatdor bẹ̀ ẹ́ títí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀. Kò gbà.

Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni àwọn àjọ ń pàdé lábẹ́ àgọ́ tápólì ńlá kan. Ibẹ̀ ni Nyamuoch ti dìde lọ́jọ́ kan, tó ní ó tó gẹ́ẹ́, kí wọ́n da ìwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá pọ̀ di ẹyọ kan. Wọ́n ní báwo ni wọ́n á ṣe mọ ẹni tó ń tan wọ́n? Wọ́n ti gbìyànjú ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi ìka tẹ̀, ṣùgbọ́n àpò erùpẹ̀ ti bó ìka àwọn ọmọ náà, ẹ̀rọ kò rí ohun tó máa kà.

"Ẹ jẹ́ ká fi orúkọ bàbá ṣe é," ni Nyamuoch wí. "Nílẹ̀ wa, èèyàn lè pa orúkọ ara ẹ̀ dà lẹ́ẹ̀mẹwàá, kò jẹ́ pa ti bàbá ẹ̀ dà. Orúkọ bàbá, orúkọ bàbá bàbá. Ẹni tó bá ní bàbá kan náà, ilé kan náà ni wọ́n ti wá. Ilé kan, iṣẹ́ kan. Kí àjọ kankan má sì gba ẹnikẹ́ni tí kò sí nínú ìwé yẹn."

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ọ̀gá Thapa, ará Nepal tó ń darí ìpàdé, ní bí èèyàn mẹ́ta irú rẹ̀ bá wà ní orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan, òun ì bá ti padà sílé ìyá òun. Inú Nyamuoch dùn. Kí n má parọ́, inú tèmi náà ì bá dùn.

Ó yẹ kó rántí. Nínú gbogbo èèyàn tó jókòó sábẹ́ àgọ́ yẹn, òun ló yẹ kó kọ́kọ́ rántí, torí Biel Tungwar, ẹ̀gbọ́n tirẹ̀, ti kú láti ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n sẹ́yìn, ọmọ rẹ̀ tó kéré jù sì ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún mẹ́rin.

Àwọn ìlú kan wà tí wọ́n ń ṣú opó, ẹni tó bá ṣú u ló ni ọmọ. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Ìbọn pa Biel kó tó bímọ kankan. Àbúrò rẹ̀, Duop, wọlé tọ Nyaluit, ìyàwó Biel, gbogbo ọmọ tí wọ́n bí, ti Biel ni, orúkọ Biel ni wọ́n ń jẹ́. Nígbà tó yá tí màlúù tún wà nílé, wọ́n fẹ́ ìyàwó kejì fún òkú náà, ìyẹn náà bímọ fún un. Agbo ilé méjì, ìkòkò méjì, ọmọ mẹ́sàn-án, bàbá kan tó ti jẹrà. Lójú Nyamuoch, kò sí ohun tó ṣàjèjì níbẹ̀. Àlejò ì bá béèrè pé bàbá ọ̀hún dà. Ọmọ onílẹ̀ kì í béèrè ohun tí wọ́n bí i bá.

Ìwé tuntun jáde ní Ọjọ́ Ajé. Kí oòrùn tó mú dáadáa, Lony ti dé ẹnu ọ́fíìsì Nyamuoch, ẹrẹ̀ dé e lórúnkún. Lony ni àkọ́bí Nyaluit, ọmọ ọdún mọ́kànlélógún, ó ga bí òpó, ẹ̀rín kì í sì í tán lẹ́nu rẹ̀. Ọdún kan ààbọ̀ ló ti fi ṣiṣẹ́ lórí odi.

"Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé èmi ni mo kú ni, àbí bàbá mi ló jíǹde?"

"Kí ló dé?"

"Wọ́n ti yọ mí. Wọ́n ní bàbá mi ti ní ọmọ kan lẹ́nu iṣẹ́, pé Jal ló kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń kọ orúkọ, inú omi ni mo wà, mò ń dí ibi tí odi ti ya. Ẹni tó mú ìwé dání ní kí n lọ bá bàbá mi, kó yan ẹni tó bá wù ú nínú àwa méjèèjì. Mo ní ó dáa, sàréè ẹ̀ jìnnà díẹ̀, ṣé ẹ máa yá mi lọ́kọ̀?"

Nyamuoch rẹ́rìn-ín kó tó mọ̀ pé òun ń rẹ́rìn-ín. Jal ni ọmọ ìyàwó kejì, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún. Ó rí àṣìṣe náà gbangba báyìí, ó sì rí i pé ọwọ́ òun ló ti wá.

"Ìyàwó wa ńkọ́? Kí ni ìyá ẹ wí?"

"Ìyá mi ń wa gbòǹgbò òṣíbàtà nínú omi. Òun la ó máa jẹ nìyẹn. Jal ní ká máa pín iṣẹ́ náà, kí n lọ lónìí, kóun lọ lọ́la. Wọ́n ní rárá, ẹni tórúkọ ẹ̀ wà níbẹ̀ nìkan ló gbọ́dọ̀ dáhùn. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ ṣòfin ọ̀hún." Kò sọ ọ́ bí ẹni tó ń bínú. "Àǹtí, àwọn Wiyual ọ̀rẹ́ mi ń wọkọ̀ ológun lọ́jọ́ Ẹtì."

"O ò ní wọ ọkọ̀ yẹn. Lony, wojú mi. O ò ní wọ̀ ọ́."

"Èmi náà ò fẹ́ wọ̀ ọ́. Ìbọn wúwo, kò sì ṣeé sè jẹ. Ṣùgbọ́n tí mo bá jókòó sílé, èmi àti àwọn àbúrò mi mẹ́rin la ó jọ máa wo ọwọ́ ìyá mi."

"Fún mi di Ọjọ́bọ̀. Màá sọ ọ́ nípàdé. Ọ̀rọ̀ tí kò tó nǹkan ni."

"Ọjọ́bọ̀ ò jìnnà," ni Lony wí. "Mo dúró dè yín."

Ní Ọjọ́bọ̀, Nyamuoch tètè dé. Ó ti to ọ̀rọ̀ rẹ̀ sẹ́nu: ẹ jọ̀ọ́, ọkùnrin tó ti kú lè ní ilé méjì nílẹ̀ wa, ẹ jẹ́ ká máa wo ìdáná, ìyẹn àwọn tó jọ ń jẹ nínú ìkòkò kan, ká yé wo orúkọ bàbá. Ọ̀rọ̀ yẹn kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n kó tó di pé ó dìde, Ọ̀gá Thapa ti gbé àwòrán sára aṣọ funfun. Orúkọ àwọn ilé tí kọ̀ǹpútà ní wọ́n ń ṣe màgòmágó ni. Èyí tó wà lókè pátápátá ni Biel Tungwar Dak.

"Ẹ wo ọ̀gbẹ́ni yìí," ni Ọ̀gá Thapa wí. "Ọmọ mẹ́sàn-án, àgọ́ méjì, ó sì fi ọmọ méjì síṣẹ́. Mo ní kí wọ́n bá mi pè é, kò sẹ́ni tó rí i rí. Ọkùnrin yìí mọ bí wọ́n ṣe ń sá pamọ́ o!"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Àwọn àlejò ló pọ̀ nínú wọn, wọn kò mọ ohun tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí. Ṣùgbọ́n Kueth mọ̀. Kueth, ará ìlú, ọ̀rẹ́ Gatdor tí wọ́n lé lẹ́nu iṣẹ́, jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Nyamuoch. Ó fẹnu sí i létí pẹ̀lú èdè tiwa.

"Ẹ̀gbọ́n yín kọ́ nìyẹn? Ẹ sọ̀rọ̀ nígbà náà, Màdáámú Olódodo. Ẹ dìde. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ bí òfin ṣe ń rí tó bá kan ilé bàbá yín."

Nyamuoch wo aṣọ funfun náà, ó wo orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó rò ó pé bí òun bá dìde, ohun tí wọ́n máa gbọ́ kò ní ju pé ó ń gbèjà àwọn èèyàn rẹ̀. Gatdor á gbọ́. Gbogbo ìlú á gbọ́. Ó wá ronú kan ohun tó dà bí ọgbọ́n: òun á fi ọ̀sẹ̀ kan kó orúkọ àwọn ilé mìíràn tọ́ràn náà kàn jọ, àwọn tí kò bá òun tan, òun á fi tiwọn ṣáájú, tí Biel á tẹ̀lé e ní jẹ́jẹ́. Ọ̀sẹ̀ kan péré ni. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ó dákẹ́. Ọ̀gá Thapa ṣí ojú ewé mìíràn.

Nígbà tó jáde, Lony ń dúró níta, ó fara ti òpó àgọ́.

"Àǹtí. Kí ni wọ́n wí?"

"A ò tíì kàn án. Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀."

"Ẹ ò tíì kàn án." Lony wolẹ̀ díẹ̀. "Tápólì ni ògiri yín, Àǹtí. Mo gbọ́ nígbà tí wọ́n pe orúkọ bàbá mi. Mo gbọ́ nígbà tí wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo wá ń retí ohùn yín."

Nyamuoch ní kó ní sùúrù, pé ọ̀sẹ̀ kan kò tó nǹkan, pé òun á fi ọkà bàbà ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀. Gbogbo ohun tó ń sọ ló ń dún bí àwáwí létí ara rẹ̀.

"Ó dáa, Àǹtí. Kò burú," ni Lony wí. Ó kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, bí ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ó wọkọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Jal ló wá sọ, pẹ̀lú ẹkún lójú. Ó ní òun ti dì mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ létí omi, òun ní kó gba iṣẹ́ òun, òun á lọ dípò rẹ̀. Lony fi ọwọ́ gbá a lórí, ó ní kó lọ gbé erùpẹ̀ jàre, ṣé ó rò pé ẹni tí ẹ̀fọn ń pa lẹ́kún lè jagun ni? Nyaluit kò wá sọ́dọ̀ Nyamuoch. Ìyẹn ló bà á lẹ́rù jù, torí pé láti ìgbà tí wọ́n ti gbé e wọlé wọn ni kì í jẹ́ kí ọjọ́ mẹ́ta kọjá láì wá yọ àbúrò ọkọ rẹ̀ lẹ́nu, Adúmáadán báyìí, Adúmáadán báyẹn.

Ní ọ̀sán Ọjọ́rú, Duop wọ ọ́fíìsì náà. Kò jókòó. Ìlà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tí wọ́n kọ sí i níwájú orí láti kékeré ti wọra pọ̀, ó dà bí ẹni tó dàgbà mọ́jú. Òun ló bí Lony. Òun ló kọ́ ọ ní ẹja pípa, òun ló gbé e kọrùn sá lọ́dún tí wọ́n jó Bentiu. Ní ọdún mọ́kànlélógún yẹn, kò pè é ní ọmọ mi rí, torí ọmọ Biel ni. Kò pè é bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ náà.

"Nyamuoch," ló wí. "Ọmọ ẹ̀gbọ́n wa ti lọ o."

Kí wọ́n tó dé ibi tí màlúù wà ni wọ́n ti rìn sínú ìbọn. Wiyual ló sá bọ̀. Wọ́n sin àwọn tó kú, Lony náà pẹ̀lú, sí etí omi níbẹ̀, wọn kò rí àyè gbẹ́ ilẹ̀ tó jìn. Duop sọ gbogbo rẹ̀ láì gbójú sókè. Lẹ́yìn náà ló béèrè bóyá òun lè rí omi mu, Nyamuoch sì bu omi fún un. Àwọn méjèèjì dúró síbẹ̀, wọ́n ń sunkún, kò sí ẹni tó lè gba èkejì níyànjú.

Lọ́jọ́ kejì, ó sọ̀rọ̀ nípàdé. Kò to orúkọ ilé mìíràn ṣáájú. Ó ní Biel Tungwar tí wọ́n ń wá, ẹ̀gbọ́n òun ni, ó ti kú tipẹ́, báyìí ni ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́ nílẹ̀ wa, bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ilé. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Gbogbo àjọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá nawọ́ pé àwọn gbà, kí wọ́n máa ka ìdáná, kí wọ́n fi àwọn ọmọ tí wọ́n yọ padà sípò láti Ọjọ́ Ajé. Kueth náà nawọ́, kò lè wo ojú rẹ̀.

"Ọ̀rọ̀ rírọrùn bẹ́ẹ̀," ni Ọ̀gá Thapa wí, tinútinú, torí èèyàn dáadáa ni. "Arábìnrin mi, kí ló dé tẹ́ ò sọ ọ́ fún wa lọ́sẹ̀ tó kọjá?"

Nyamuoch kó àwọn ìwé rẹ̀ jọ. Ó jáde lábẹ́ àgọ́ náà.

Ó yẹ kó yọ orúkọ Lony kúrò kí wọ́n tó tẹ ìwé tuntun. Ó jókòó síwájú kọ̀ǹpútà náà, ó gbé ìka lé e, kò lè tẹ̀ ẹ́. Ó ti yọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan rí. Nígbà tó di Ọjọ́ Ajé, ó sáré lọ sórí odi láti lọ sọ fún ẹni tó ń pe orúkọ pé kó fo ibẹ̀.

Kò tètè dé. Kí ó tó gun òkè odi náà dé, ìpè ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọkùnrin bí ọgọ́rin tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì àpò, omi ń dán lẹ́yìn wọn títí dé ibi tí ojú kò tó mọ́.

"Lony Biel Tungwar!"

Àwọn tó mọ̀ ọ́n tẹrí ba. Ẹni tó ń pe orúkọ, ọmọ àdúgbò mìíràn, kò mọ nǹkan kan. Ó tún un pè. "Lony Biel Tungwar!"

"Ó wà!"

Ohùn obìnrin ni. Nyaluit jáde láti ẹ̀yìn, ṣọ́bìrì ọmọ rẹ̀ ń bẹ léjìká rẹ̀. Ó ti fá irun rẹ̀.

"Ìyá, ẹ máa bínú," ni ọmọkùnrin tó mú ìwé wí. "Ọkùnrin la pè. Kò sẹ́ni tó lè dáhùn fún ẹlòmíì."

"Mo gbọ́ ẹni tẹ́ ẹ pè. Mo ní ó wà."

"Ìyá, òfin ni."

"Òfin wo?" Nyaluit kò pariwo. "Biel ti kú kí n tó lóyún Lony. Ẹ̀yin ni ẹ ní ọmọ Biel ni. Gbogbo yín lẹ jẹ́rìí sí i, ẹ jẹ màlúù, ẹ jó. Òkú bí ọmọ mẹ́sàn-án lójú yín, ẹ ò ní irọ́ ni. Òkú tó lè bímọ, ṣé òkú ò lè gbé erùpẹ̀ ni? Àwọn àbúrò ẹ̀ mẹ́rin ò tíì jẹun. Iṣẹ́ ẹ̀ ni. Èmi ni mo wá bá a ṣe é."

Ìgbà yẹn ni Nyaluit rí Nyamuoch. Ó wò ó pẹ́. Kò pè é ní Adúmáadán.

"Nyamuoch, ìwọ lo ni ìwé yìí," ló wí. "Kọ ọ́ pé ó wà."

Nyamuoch gba bírò lọ́wọ́ ọmọkùnrin náà. Omijé kò jẹ́ kó rí ìwé dáadáa, ó ní láti fi ìka wá orúkọ náà. Ó fa ìlà síwájú rẹ̀ pé ó wà. Lẹ́yìn náà ló kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ níwájú ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ṣùgbọ́n Nyaluit ti kọjá lára rẹ̀, ó ti lọ síbi òkìtì àpò, ó ti gbé ọ̀kan rù.

Jal sáré tẹ̀lé e, ó fẹ́ gba àpò náà lórí rẹ̀. Obìnrin náà yẹra.

"Tìẹ ni kó o gbé," ló sọ fún un. "Ti ẹ̀gbọ́n ẹ lèyí."